Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Dìde Dúró àti Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Wa

Ọmọ mi àkọ́bí, olórí àwọn ọmọ mi,

Mo kí ọ títí. Ìyá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ kí ọ, ògiri ilé pàápàá kí ọ. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, mo dúpẹ́. Bó bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá ibì kan jókòó sí kó o tó kà á síwájú, ìdí rẹ̀ á yé ọ tó bá yá. Mo gbà á ládùúrà pé kí ilẹ̀ má yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ojú rẹ má ṣú lọ́sàn-án gangan, kí o máa rí ojúure ọ̀gá rẹ, kí bàtà iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ má gé ọ lẹ́sẹ̀. Àmín. Àwa náà wà láàyè, ara le, àfi eékún mi tó ń dún bíi hínjì tí kò rí epo.

Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ti pè ọ́ lórí fóònù, ó sì ti sọ fún ọ pé mo yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kúrò, pé aṣọ la fi ń dí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń wẹ̀ ládùúgbò. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrù ni ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, jẹ́ kí n mú un láti orí.

Àbúrò rẹ ti dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù márùn-ún. Àkọ́kọ́, orí ìlà ni níléèwé, láàárọ̀, ọ̀gá àgbà ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó, ọ̀rọ̀ náà gùn, oòrùn sì mú. Ó ní òun kàn ń gbọ́ ohùn ọ̀gá bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò omi ni, ìgbà tóun tún máa lajú, òkè ọ̀run lòun ń wò. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀dọ̀ ìyá onídìrí tó múlé gbè wá ni, ó dúró kí wọ́n ya irun rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, ó sì rọra yọ́ wálẹ̀ bí àbẹ́là. Ìyá onídìrí ní láti ìgbà tóun ti ń dirí, wọ́n ti sunkún fóun rí, wọ́n ti sùn fóun rí, wọn ò tíì dákú fóun rí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Orí ìlà náà ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí apá rẹ̀ gbọ̀n bí ẹ̀ẹ̀mẹrin nígbà tó wà nílẹ̀, ni ẹnì kan bá ní wárápá ni. Bí omi bá ti dànù, kò ṣeé kó mọ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fún un lórúkọ, Ṣubúlulẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ sí mi. Kò rí mi fín o, jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, ó ní kí ọmọ máa gbélé ná títí màá fi mú ìwé dókítà wá tó sọ ohun tó ń ṣe é, torí bó bá lọ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, òun ni wọ́n máa bi. Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ wá fún wa ní oògùn wárápá. Ọmọ ń lo oògùn, ó ń sùn bí ológbò. Ìdánwò àṣejáde ku oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi jókòó sílé, yóò ṣí ìwé, yóò kà á bí ojú ewé kan, yóò sì sùn lé e lórí. Ìwọ náà mọ àbúrò rẹ, ọmọ tó jẹ́ pé ìwé ló fi ń ṣeré.

Dókítà tó wà ní ibùdó ìlera wa ló sọ pé òun ò rò pé wárápá ni. Ó kọ̀wé fún wa sí ilé ìwòsàn ńlá, ó ní wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì kan níbẹ̀ tó ń dìde dúró. Ó ní wọn yóò tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, wọn yóò fi bẹ́líìtì dì í, wọn yóò wá gbé orí bẹ́ẹ̀dì náà sókè títí ọmọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìdúró, wọn yóò sì máa wò ó bóyá yóò dákú. Mo bi í pé bí kò bá wá dákú ńkọ́. Ó ní ìyẹn náà lóhun tó máa sọ fún wọn. Mo dúpẹ́, mo sì jáde. Ọmọ mi, bàbá rẹ ka ìwé mẹ́wàá, kì í ṣe pé n ò mọ nǹkan kan. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀, mo ní bí ọmọ bá dákú níwájú dókítà, a jẹ́ pé ó ti fìdí rẹmi nìyẹn, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé, ilé ìwé ti parí. Bí kò bá dákú, ó yege, ó di ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere lójú mi bí ìlà tí mo fi pẹ́ńsùlù fà sára pákó. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà níwájú wa. Ta ni yóò wá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ ṣe ìdánwò láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ti àtijọ́ dánra wò?

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo ilẹ̀kùn ilé wa, òun nìkan ló gùn tó àbúrò rẹ, tó sì fẹ̀ tó o. Mo tú u, mo fi hínjì rẹ̀ kàn án mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ mi nísàlẹ̀, mo ṣe igi méjì sẹ́yìn rẹ̀ tí yóò máa dá a dúró, mo kan pákó pẹlẹbẹ kan tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi bẹ́líìtì mi méjì àti ti ìyá rẹ kan ṣe ọ̀já. Nígbà tí mo wọn igun rẹ̀, dìgírì àádọ́rin ó lé méjì ni. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gùn ún kí n lè mọ̀ bóyá ó lágbára. Ó ti iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo gbé e dìde, ó sì sùn lọ fọnfọn lórí ìdúró. Ìyá onídìrí tó yọjú bi mí pé kí ni ìyàwó mi ṣẹ̀ mí.

Àràárọ̀ lèmi àti àbúrò rẹ ń ṣe é. Ọjọ́ kìíní, kò lò ju ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún lọ tójú rẹ̀ fi funfun, ètè rẹ̀ dà bí eérú, mo yáa sọ ọ́ kalẹ̀. Ni mo bá kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan. Má tíì bi mí níbi tí mo ti rí i, a ó débẹ̀. Mo ní nígbà tí ojú bá fẹ́ ṣú, tí etí bá ń hó, kó fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì, kó fún itan pọ̀ dáadáa, kó fún ìdí pọ̀, kó di ọwọ́ ní ìkúùkù bí ẹni tó fẹ́ ja ìjà tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ṣe é. Àwọ̀ padà sójú rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹwàá, ó ń lo ogójì ìṣẹ́jú, ó tiẹ̀ ń ka ìwé níbẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ ti gbaradì.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ní kó má jẹun láàárọ̀, kò jẹun, èmi náà ò jẹun, torí n ò mọ̀ bóyá wọn yóò ní kí n wá gùn ún. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ọmọ mi, ẹni tó bá ń wá nǹkan lọ́dọ̀ ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ tó dára lára rẹ̀ ló yẹ kó kọ sí wọn. Wọ́n béèrè oríṣiríṣi àìsàn, mo kọ rárá, rárá, rárá, mo fi rúlà fàlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀ kó lè mọ́ lójú. Wọ́n wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ẹbí tó máa ń dákú. Mo mí kanlẹ̀, mo sì kọ rárá síbẹ̀ náà. Rárá yẹn ló gún jù nínú gbogbo wọn.

Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé tẹ̀ lé e, ìyá rẹ sì dúró síta. Yàrá náà tutù, ó dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí iná rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà rèé. Ká sọ òótọ́, ó dára ju tèmi lọ. Mọ́tò ló fi ń gbéra, kò ké, kò mì. Mo yọ irinṣẹ́ olómi tí mo fi ń wo bí nǹkan bá tẹ́jú, mo gbé e lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi inú rẹ̀ dúró sáàárín gbọnrangandan. Nọ́ọ̀sì ń wò mí, ó bi mí pé ṣé ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n lẹ àwọn nǹkan bíi bọ́tìnnì mọ́ ọmọ láyà, wáyà jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wé aṣọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá. Wọ́n ní kí n pa fóònù. Mo pa á, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo jókòó lé e, torí mo rò ó pé bí ìwọ bá lọ pè mí lásìkò yẹn, tí ohùn rẹ gba inú wáyà wọ̀nyẹn wọlé, àyà àbúrò rẹ lo máa ti máa kí mi.

Mo wo ojú ẹ̀rọ, ayùn ni mo rí. Eyín ayùn, ọ̀kan gíga, méjì kékeré, ọ̀kan gíga, méjì kékeré, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gbé irú ayùn bẹ́ẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, n ò ní fi gé igi. Mo rọra sọ fún nọ́ọ̀sì pé eyín wọ̀nyẹn ò dọ́gba. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọjọ́ tí eyín yẹn bá dọ́gba pẹrẹsẹ lára ènìyàn, pósí ni iṣẹ́ tó kù fún kafíńtà.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jẹ́ kó sùn gbalaja, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì dìde. Mo béèrè igun rẹ̀, wọ́n ní àádọ́rin. Ìyẹn ni pé tèmi nílé fi nǹkan díẹ̀ le ju tiwọn lọ, inú mi sì dùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá. Ní bí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, mo rí i tójú rẹ̀ ń ṣe bíi pé ó fẹ́ funfun. Mo gbójú sókè sí i, ó mọ ohun tí mo ń wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ara wọn kọ́ lábẹ́ aṣọ, ìkúùkù dì, àwọ̀ sì padà bọ̀. Mo mí. Dókítà, obìnrin kan tí kò lè fi púpọ̀ jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó yà á lẹ́nu. Ó ní nǹkan ń lọ sílẹ̀, nǹkan tún gbéra, kí ló dé? Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wò ó, ó ní ọmọ yìí ti fi ẹsẹ̀ kọ́ra o, ó fún itan pọ̀ bí ẹni fẹ́ fọ́ ẹ̀pà.

Dókítà kò bínú. Ó sún mọ́ ọn, ó ní kó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣe ohun tó máa ń ṣe, pé àwọn ti dì í mú, kò lè ṣubú lulẹ̀, àti pé bí àwọn ò bá rí nǹkan náà, àwọn ò lè mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni àbúrò rẹ yí ojú sí. Ó ní, “Bàbá, ṣé kí n tú u sílẹ̀?”

Ọmọ mi, n ò mọ bí mo ṣe lè kọ èyí fún ọ. Gbogbo ènìyàn inú yàrá yẹn ń wò mí. Ohun tí mo ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọmọ ń béèrè pé ṣé kóun tú sílẹ̀. Mo wá ní kó tú u sílẹ̀.

Ó tú u sílẹ̀. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, mo rí i tójú rẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀. Eyín ayùn orí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí jìnnà síra, ó jìnnà síra, àlàfo kan wá wà láàárín wọn tí mo rò pé kò ní parí. Orí rẹ̀ yẹ̀, apá rẹ̀ gbọ̀n bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ kí n tó lè dìde. Mo ń kà á sọ́kàn bí mo ṣe máa ń ka ìṣó, n ò tíì ka méjìlá tó fi lajú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Bàbá, ẹ má bínú, mo fìdí rẹmi.”

Dókítà ní kò fìdí rẹmi o, ohun tí àwọn tìtorí rẹ̀ pè é wá gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn yẹn. Ó fi han èmi àti òun lórí ẹ̀rọ, ó ní tó bá ti pẹ́ lórí ìdúró, ẹ̀jẹ̀ máa ń wọ́ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ara wá ń ṣìṣe, dípò kí ọkàn yára kó sì fa ẹ̀jẹ̀ náà padà sókè, ṣe ló ń rọra lù, ẹ̀jẹ̀ ò wá tó orí mọ́, ènìyàn á sì ṣubú. Bó bá ti sùn gbalaja báyìí, ẹ̀jẹ̀ á rí ọ̀nà padà sórí, ó ti tán. Ó ní ìwárìrì apá yẹn, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó orí ni, kì í ṣe wárápá. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń ní in, ọ̀pọ̀ sì ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Ó kọ bí a ó ṣe fi oògùn tó ń mú un sùn yẹn sílẹ̀. Mo sunkún, mo ṣe bí ẹni pé eruku pákó ló kó sí mi lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí pákó kankan ní yàrá yẹn.

Ó wá bi àbúrò rẹ pé ta ló kọ́ ọ ní kíkọ́ ẹsẹ̀ àti fífún itan, nítorí ohun tí àwọn máa ń kọ́ ènìyàn lẹ́yìn àyẹ̀wò gan-an nìyẹn, àwọn ò rí ẹni tó ti ilé mú un wá rí. Ọmọ ní bàbá òun ni. Dókítà yí sí mi. Ó ní, “Bàbá, ta ló kọ́ ẹ̀yin?”

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ, orí òrùlé ilé alájà méjì ni mo wà, mo ń kan pákó, ni ojú mi ṣú, etí mi ń hó. Mo fi itan gbá igi àjà mú bí ẹni tó gun ẹṣin tó ń sá lọ, mo fún un pọ̀, mo fún un pọ̀, ojú sì là. Mo sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, n ò gun òrùlé mọ́ láé. Mo sọ fún gbogbo ayé pé àga àti tábìlì ló wù mí ṣe. Láti ìgbà yẹn, níbikíbi tí wọ́n bá ti mú mi dúró pẹ́, mo ti kọ́ ẹsẹ̀ náà nìyẹn. Mo tọrọ fọ́ọ̀mù padà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo fa igi lé rárá tó gún yẹn, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ orúkọ mi sí i. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ lọ́nà ilé, ó wo ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀, ó ní, áà, ìdí tó o fi kọ́ ẹsẹ̀ níwájú gbogbo àlejò lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa nìyẹn, èmi rò pé fáàrí ni.

Ọ̀gá àgbà ti ka ìwé dókítà. Àbúrò rẹ ti padà sí kíláàsì. Wọ́n gbé àga kan sí ìdí ìlà fún un láàárọ̀, ìṣòro tó wá wà báyìí ni pé ọmọ mọ́kànlá ni ojú ń ṣú fún lójoojúmọ́ tí ọ̀gá bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Dókítà ní kó máa mu omi dáadáa, kó máa jẹun kó tó jáde, kó fi iyọ̀ díẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀. Òun nìkan ló sọ ọ́ fún o, ìyá rẹ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ga kò gbọ́dọ̀ fara wé e. Ó ní tójú bá ti fẹ́ ṣú, kó jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀ níbikíbi tó bá wà, kó má tijú ẹnikẹ́ni.

Ìtìjú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ìwọ náà rántí ọjọ́ ẹ̀bùn níléèwé yín, o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n tò yín sórí pèpéle, o sì ṣubú. Mo fà ọ́ dìde níwájú àwọn òbí tó kù, mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ, mo ní o sùn lórí ìdúró. Ọjọ́ mẹ́ta ni n ò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, inú ò bí mi sí ọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà mí. Ara mi ni mo rí nílẹ̀ yẹn, n ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Má bínú sí mi. Bàbá kì í sábà kọ irú gbólóhùn yẹn sínú ìwé, mo ti kọ ọ́, n kò ní fà á nígi.

Àbúrò rẹ ti wá tú àṣírí rẹ, kó o má bá a jà. Ó ní o sọ fún òun pé nígbà mìíràn lẹ́nu ọ̀nà báńkì tó o ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn oníbàárà, o máa ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kó o má baà ṣubú, o sì ní kó má jẹ́ kí n gbọ́. Mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn níbí pé ìwọ lò ń ṣí báńkì láràárọ̀, pé bí o kò bá ṣí i, ọ̀gá pátápátá pàápàá kò ní wọlé. N ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ń gbé ọ ró.

Nítorí náà, mo ti tú bẹ́ẹ̀dì ilé wa. Mo gé ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo fi kan àpótí gíga kan fún ọ. Ara mi ni mo fi wọn gíga rẹ̀, torí ẹsẹ̀ èmi àti ìwọ dọ́gba. Awakọ̀ tó ń gbé igi lọ sọ́dọ̀ yín ni yóò gbé e dé. Wo abẹ́ rẹ̀, wàá rí ojú hínjì níbẹ̀, n ò dí i. Gbé e sí ẹnu ọ̀nà yẹn, kó o sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹni tó jókòó lè ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó dákú kò lè ṣí i. Ṣùgbọ́n má fi àpótí ṣe dókítà. Lọ síbi tí wọ́n ti ní bẹ́ẹ̀dì yẹn, jẹ́ kí wọ́n wo tìrẹ náà kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Tí wọ́n bá fún ọ ní fọ́ọ̀mù, tí wọ́n bá béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí máa ń dákú, kọ bẹ́ẹ̀ ni. Kọ orúkọ bàbá rẹ gàdàgbà, má kọ ọ́ ní kékeré.

Ó ku ohun kan. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́ fi owó pákó ilẹ̀kùn kan ránṣẹ́, hínjì wà lọ́wọ́ mi, ìṣó wà, ọwọ́ mi ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tíì sí, sanwó dókítà ná, a ó máa di aṣọ mú.

Níbi tó o bá dúró sí, kó gbà ọ́. Níbi tó o bá jókòó sí, kó tù ọ́ lára. Bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ máa pè ọ́, kó pè ọ́ jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ ènìyàn rere wà nítòsí, kó o sì lajú kí wọ́n tó ka méjìlá. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ẹ̀yin ọmọ máa ń pè ní Oníwọ̀n tẹ́ ẹ bá rò pé n ò gbọ́.

Ìyá rẹ wà nínú balùwẹ̀ báyìí, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sí i pé atẹ́gùn ti ń fẹ́.